Òdòdó Àjà Ilé Etíkun

Ẹni tó bá mọ èmi Àsúmáù ní Peckham nílùú òyìnbó mọ̀ pé ẹnu mi mú, ṣùgbọ́n n kì í parọ́. Èyí ṣojú mi kòrókòró.

Bíríkìlà ni Làtíìfù ọkọ mi. Òdòdó POP ara àjà niṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Látìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù ú, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò sí sáìtì tó tún pè é mọ́. Ọ̀gá òyìnbó kan ló ṣàánú rẹ̀: kó lọ tún òdòdó kan ṣe ní Brighton, létí òkun. Tó bá bà á jẹ́, ó parí nìyẹn. Mo bá a lọ kí n lè máa po POP.

Háà! Ẹ wá wo ilé! Mẹ́rìndínlógún, gbogbo wọn so mọ́ra, wọ́n tẹ̀ kọrọdọ kọjú sókun, wọ́n funfun báláú. Fèrèsé wọn yọkùn síta bí aboyún. Irin bálíkónì ọ̀hún, àfi bí ẹni hun léèsì! Àwọn tó kọ́ wọn ní igba ọdún sẹ́yìn mọṣẹ́, kí Ọlọ́run san wọ́n lẹ́san. Mo yanu sílẹ̀.

"Ìyá Yusrah, panu dé," ni Làtíìfù wí. "Ẹyẹ òkun á kó sí i."

A ṣílẹ̀kùn ọ̀kan tí iṣẹ́ wa wà. Ilé pa rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà, lókè: ṣàà. Ṣàà. Ìró irin tó ń rẹ́ POP.

"Wọ́n ti mú ẹlòmíì wá," ló wí. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

Lọ́sàn-án, mo ṣí kúlà ìrẹsì wa. Ṣé a wá lè jẹun ká má pe ẹni tó wà nítòsí? Mo ké sókè: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lókè, ẹ wá jẹun o!"

Ìró náà dá. Ẹsẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀, jẹ́jẹ́. Ó dúró níbi tí àtẹ̀gùn ti yí. A ò rí ẹnikẹ́ni.

"Ojú ń tì í," ni mo wí. Mo gbé abọ́ ìrẹsì kan sórí àtẹ̀gùn, a lọ kírun Àílà ní yàrá ẹ̀yìn. Nígbà tí a padà dé, abọ́ mọ́ tónítóní.

Làtíìfù gun àkàbà. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n! Ewé kan, ewé méjì, òdòdó náà yọ, ó rẹwà ju tàtijọ́ lọ. Mo bú sẹ́kún. Ayọ̀ ni.

Ọ̀gá dé, ó wò ó títí. Mo ní kó bá wa kí ẹni tó wà lókè.

"Lókè kẹ̀? A ti tú gbogbo pákó ilẹ̀ ibẹ̀. Kò síbi téèyàn lè tẹsẹ̀ lé."

Nínú ọkọ̀ ojú irin, mo di ọwọ́ ọ̀tún ọkọ mi mú, mo ń dúpẹ́. Ó tutù. Àpá iná tó ti wà látàǹpàkò rẹ̀ kí n tó fẹ́ ẹ ò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìka náà gùn ju tirẹ̀ lọ.

"Ọ̀gá sọ pé iṣẹ́ ilé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù, tiwa ni," ló wí, ó ń rẹ́rìn-ín.

Mo ní Alihamudulilahi. Àbí kí n ní kó dá ọwọ́ ọlọ́wọ́ padà fún ẹni òkè ni? Látọjọ́ náà, ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan ni mò ń dì mú.