Fèrèsé Tí Mo Fi Aṣọ Bò

Kí n tó sọ tẹlòmíràn, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ìwà òpònú tèmi. Èmi Tjitske, arúgbó ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí ìdí mi fẹ̀ ju àga mi lọ, èmi ni mo ta aṣọ bo fèrèsé ilé mi ní Harlingen, ìlú etí òkun wa ní Friesland, tó kù díẹ̀ kí n fi ba ayé ọmọ ọmọ mi jẹ́.

Jeltje lorúkọ rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kó máa bá àwọn ènìyàn to yàrá ìgbafẹ́ wọn. Tèmi nìkan ni kò rí tò. Nílùú wa, a kì í fi aṣọ dí fèrèsé; tẹlifíṣọ̀n mi kọ ẹ̀yìn sí òpópónà, wáyà rẹ̀ sì ń já wálẹ̀ bí ìfun màlúù.

"Ìyá àgbà, ojú ń tì mí. Gbogbo àdúgbò ló ń wo ìdí tẹlifíṣọ̀n yín!"

"Ó sàn kí wọ́n wo tirẹ̀ ju kí wọ́n wo tèmi."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé tẹlifíṣọ̀n náà lọ sára ògiri tó dojú kọ fèrèsé, ó sì gun àga láti kan pẹpẹ tí sípíkà yóò jókòó lé. Kò mọ̀ bóyá ó gún. Ó bojú wẹ̀yìn, ó rí ọkùnrin kan lóde tó gbé ẹsẹ̀ kan lé kẹ̀kẹ́. Oòrùn ń tojú òkun tàn sórí eruku pákó inú irun rẹ̀, bí ẹni pé wọ́n bu lẹ́búlẹ́bú wúrà sí i lórí. Ọkùnrin náà nàka: sósì díẹ̀. Jeltje sún un. Ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ wálẹ̀: ó tún lọ sílẹ̀ díẹ̀. Jeltje ṣe bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin náà di ojú, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tó mu wàrà gbígbóná.

Douwe ni, káfíńtà tó ń tún ọkọ̀ ojú omi ṣe létí òkun. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìrọ̀lẹ́ tí kò dúró níbẹ̀, kò sì sí ìrọ̀lẹ́ tí Jeltje kò rí nǹkan gbé kiri.

"Àtùpà yìí kò ní ibùjókòó ni? Ẹ̀ẹ̀kẹrin rèé!"

"Ìyá àgbà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ò tíì balẹ̀."

"Ìmọ́lẹ̀, àbí ọkàn?"

Kò pẹ́, àwọn méjèèjì ń jùmọ̀ rìn létí omi títí òkun fi ń dà bí aṣọ àlà. Nígbà tó yá, Douwe ní kó fẹ́ òun, kí wọ́n lọ kọ́ ilé sí erékùṣù Terschelling. Jeltje ní òun yóò dáhùn lọ́jọ́ Ẹtì.

Àyà mi já. Ta ni yóò kù pẹ̀lú mi? Lọ́jọ́ Ẹtì náà, kó tó tibi iṣẹ́ dé, mo ta aṣọ kan tó nípọn, aláwọ̀ ìgbẹ́ màlúù, mo fà á dí.

"Oòrùn ń bọ́ sójú tẹlifíṣọ̀n," ni irọ́ tí mo pa fún un nígbà tó dé.

Douwe kọjá, ó rí aṣọ. Ó gbà pé Jeltje ti kọ òun nìyẹn, ó yí kẹ̀kẹ́ padà. Jeltje jókòó títí, ó ń retí kó kan ilẹ̀kùn, kò rí i. Ó gbé fóònù, ó gbé e kalẹ̀. Agídí àwa ará Friesland le ju igi lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi ń sunkún sínú ìrọ̀rí.

Ní ọjọ́ kẹwàá, Foekje aládùúgbò gbé kéèkì wá. Mo ṣílẹ̀kùn, ó lọgun.

"Tjitske! Mo ṣebí o ti kú! Ilé òkú nìkan ló ń fa aṣọ dí lọ́sàn-án!"

"Foekje, mo wà láyé, mo ṣì ń só."

Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí Douwe kà lára aṣọ yẹn: pé ilé wa ti tì mọ́ òun. Mo jẹ́wọ́ fún Jeltje. Mo gun kẹ̀kẹ́, ó di etíkun, fìlà mi fò lọ.

"Douwe, èmi ni mo ta aṣọ. Èmi lẹ̀rù ń bà, kì í ṣe Jeltje."

Ó ju òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀yin ìyá yìí mà burú o." Ó ti gun kẹ̀kẹ́ kí n tó mí.

Nígbà tí mo fi mí hẹlẹhẹlẹ délé, Douwe ti kúnlẹ̀ níwájú Jeltje láàárín sípíkà méjèèjì.

"Mo rò pé o ti kọ̀ mí."

"Èmi náà rò pé o ti sá, ọ̀dẹ̀ mi ọ̀wọ́n. Mo gbà. Terschelling là ń lọ."

Mo fà sẹ́yìn wọ ilé ìdáná, kí wọ́n má baà rójú mi. Jeltje ti rí mi.

"Ìyá àgbà, ẹ padà wá. Yàrá yín la máa kọ́kọ́ tò níbẹ̀. Ògiri wo lẹ fẹ́ kí á gbé tẹlifíṣọ̀n kọ́?"