Ohùn Tí Ìyá Kò Fẹ́ Gbọ́

Ọmọbìnrin alágbàfọ̀ náà kẹ́yìn sí ẹnu ọ̀nà, ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun kan, ṣùgbọ́n ara tẹlifíṣọ̀n tó wà lókè ni ojú rẹ̀ wà. Ọkọ búburú inú eré náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyàwó rẹ̀ tán ni, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó ní, "Dúró níbẹ̀ títí n ó fi dé." Wọ́n gbé ìpolówó ọṣẹ wọlé. Àfi bí ohùn kan náà, àní ohùn ọkọ búburú yẹn gan-an, ṣe tún sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ máa ń fọ kóòtù?"

Ó yíjú padà wìì. Ọkùnrin gíga kan ló dúró síbẹ̀, ó gbé kóòtù aláwọ̀ eérú tí tíì ti dà sí láyà kọ́ apá. Eyín iwájú rẹ̀ kan gun èkejì díẹ̀, bíi pé ó fẹ́ yọjú wo ẹni tó ń bọ̀. Ọmọbìnrin náà ń wò ó ṣáá.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni ọkùnrin náà wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "nǹkan ń jó."

Kí ó tó gbé áyọ́ọ̀nù kúrò, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Àpá áyọ́ọ̀nù ti jókòó sẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀tì náà, ó pọ́n bí ìyẹ̀fun tó jóná.

"Ẹ̀yin lẹ fà á," ni ó wí. "Ẹ ti ìyàwó yín mọ́lé tán, ẹ tún wá ń kí èèyàn lẹ́yìn."

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. "Mi ò tíì níyàwó tí n ó tì mọ́lé. Iṣẹ́ mi ni."

Ó wá ṣàlàyé. Ilẹ̀ òkèèrè ni wọ́n ti ṣe eré náà, èdè ibẹ̀ ni àwọn òṣèré sì ń sọ. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti jókòó sínú yàrá kékeré kan tí afẹ́fẹ́ kì í wọ̀, kó máa wo ẹnu wọn, kó sì máa fi èdè tí gbogbo wa gbọ́ sọ ọ̀rọ̀ wọn, kí ẹnu tiwọn àti ohùn tirẹ̀ lè jọ máa rìn. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé ọkùnrin onírùngbọ̀n yẹn ló ń sọ̀rọ̀.

Olùkọ́ kan ló ni ṣẹ́ẹ̀tì tó jó. Lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin náà mú ṣẹ́ẹ̀tì funfun tirẹ̀ wá, ó ní òun lòun dá ọ̀ràn náà sílẹ̀. Olùkọ́ wọ̀ ọ́, ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní, "Ẹ mọṣẹ́ o. Àfi bíi tuntun." Àwọn méjèèjì ò lè wo ojú ara wọn. Ìyẹn ni irọ́ kékeré tí wọ́n kọ́kọ́ jọ pa. Irọ́ kì í sì í dá gbélé, a máa ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, kóòtù kan kò tó ọkùnrin yìí mọ́. Ó gbé ṣòkòtò wá, ó gbé aṣọ ìbora wá, ó ká kọ́tìnnì ilé rẹ̀ wá. Nígbà tó yá, ó gbé ẹrù tí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ti fọ̀, tó ti lọ̀, tó ti ká, padà wá.

"Èyí mọ́ o," ni ọmọbìnrin náà wí.

"Mo mọ̀. Ẹ bá mi fọ̀ ọ́ kó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó máa já lọ́wọ́ mi."

"Kó já. N ó ra òmíràn, n ó tún gbé e wá."

"Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, ẹ máa lọ sílé yín."

"Ajóṣẹ́ẹ̀tì, mò ń lọ. Ìgbà wo ni kí n padà?"

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá a sá aṣọ sórí okùn iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ń bá a di ẹrù àwọn oníbàárà. Kó tó pẹ́, "ẹ" ti di "o" lẹ́nu wọn, "Ajóṣẹ́ẹ̀tì" sì ti di "Ajóṣẹ́ẹ̀tì mi". Nígbà tí ọkùnrin náà wá sọ ọ́ pé òun fẹ́ wá kí Màmá ọmọbìnrin náà, inú ọmọbìnrin náà dùn, ẹ̀rù sì bà á lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó fa ẹ̀rù nìyí. Ojú ìyá rẹ̀ ti ṣú pátápátá láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ó ń ká aṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù, ó lè fọwọ́ pa aṣọ kó sì sọ ẹni tó ni ín, ṣùgbọ́n ohùn ló fi ń mọ èèyàn. Ọkùnrin kan ti wá sọ pé òun fẹ́ ọmọ rẹ̀ rí. Màmá gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ohùn rẹ̀ ń yọ̀ bí ọṣẹ inú omi." Kò pẹ́ tí wọ́n gbọ́ pé onítọ̀hún ní ìyàwó sí ìlú mìíràn. Láti ìgbà náà, ọmọbìnrin yìí ti bá ìyá rẹ̀ ṣe àdéhùn pé ẹni tí etí ìyá òun bá kọ̀, òun náà kọ̀ ọ́.

Kò sì sí ohùn tí Màmá kórìíra láyé tó ohùn ọkọ búburú inú *Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Òkè*. Bí eré náà bá ti bẹ̀rẹ̀, á dìde, á lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé; àsìkò yẹn gan-an sì ni ọkùnrin náà máa ń wá, tí Màmá kò fi tíì bá a pàdé. "A kì í kọ́ èèyàn ní irú ohùn yẹn," ni Màmá máa ń wí. "Inú ló ti ń wá."

"Kí la máa wá ṣe?" ni ọkùnrin náà béèrè.

Ọmọbìnrin náà ronú títí, ó ní, "O ò ní sọ̀rọ̀."

Wọ́n sọ fún Màmá pé ọ̀fun ń dun ọkùnrin náà, pé dókítà ní kí ó sinmi ohùn. Màmá káàánú rẹ̀. Ó ń po oyin mọ́ omi gbígbóná fún un lójoojúmọ́, ọkùnrin tí ohunkóhun kò ṣe sì ń mu ún bí ẹni ń mu oògùn. Wọ́n jọ ń ká aṣọ ìbora, Màmá mú etí kan, òun náà mú etí kejì, wọ́n á rìn pàdé ara wọn bí ẹni ń jó. Bí ó bá fẹ́ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, á kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá fẹ́ sọ pé rárá, á kàn án lẹ́ẹ̀méjì.

"Ọmọlúàbí ni," ni Màmá wí fún ọmọ rẹ̀. "Kì í já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu èèyàn."

Àtúnbàtàṣe ẹ̀gbẹ́ wọn, tó mọ gbogbo ọ̀rọ̀ náà, sáré bọ́ síta lọ rẹ́rìn-ín.

Ó ní ohun kan tí Màmá máa ń ṣe ní ìparí ọdún. Àwọn aládùúgbò á kó bẹ́ǹṣì wá sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á jókòó sáàárín aṣọ tó so rọ̀, Màmá á sì dájọ́ gbogbo ohun tí tẹlifíṣọ̀n àti sinimá gbé jáde lọ́dún náà: èyí tó dára jù, àti èyí tó burú jù. Kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀, àríyànjiyàn ni ẹ̀bùn. Lọ́dún tí à ń wí yìí, èrò pọ̀ débi pé àtúnbàtàṣe ní láti gbé ìkòkò sítáàṣì gbígbóná kúrò nídìí ògiri kí àyè lè gbà wọ́n. Ojú ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ló gbé e sí.

"Èyí tó burú jù," ni Màmá bẹ̀rẹ̀, "ni *Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Òkè*."

"Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀," ni àtúnbàtàṣe wí. "Gbogbo àdúgbò ló wò ó."

"Gbogbo àdúgbò náà ni òtútù mú lóṣù tó kọjá. Ṣé òtútù wá dára ni? Bí ọkọ yẹn bá wọlé síbí, omi sítáàṣì ni n ó fi wẹ̀ ẹ́."

Ọkùnrin wa rọra sún sẹ́yìn lórí bẹ́ǹṣì tó wà.

"Èyí tó dára jù," ohùn Màmá wá rọ̀, "ni *Fìtílà Etí Òkun*. Bàbá arúgbó tó ń tan iná fún àwọn ọkọ̀ ojú omi. Nígbà tó sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé, 'Máa lọ, mo rí ọ,' ẹkún ni mo sun. Bí ẹni tó ní irú ohùn yẹn bá ní òun fẹ́ ọmọ mi, n ò ní béèrè orúkọ bàbá rẹ̀."

Ọkùnrin náà fò dìde bí ẹni tí agbọ́n ta. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Màmá ní tirẹ̀ ti dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun lọ fẹ́ atẹ́gùn lẹ́yìnkùlé. Ìrìn ẹni tó mọ ilé rẹ̀ ló ń rìn, ìkòkò gbígbóná sì wà lójú ọ̀nà.

"Dúró níbẹ̀!"

Màmá dúró gbagidi. Ọmọbìnrin náà sáré gbé ìkòkò kúrò, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí ó lè gbé ohùn yẹn sí.

"Ta ló sọ̀rọ̀?" ni Màmá béèrè.

"Èmi ni, Màmá," ni ọkùnrin náà dáhùn. Ó dọ̀bálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Màmá kò lè rí i.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Màmá na ọwọ́ títí ó fi kan ògiri, ó fara tì í.

"Ojú mi ló fọ́," ni ó wí. "Ẹ̀yin méjèèjì wá fẹ́ bá mi fọ́ etí kún un." Kò pariwo. Ìyẹn gan-an ló dun ọmọ rẹ̀ jù.

Ọkùnrin náà lọ. Ọdún yí, ṣọ́ọ̀bù ṣí, aṣọ ń wọlé, aṣọ ń jáde, ṣùgbọ́n ìyá àti ọmọ kò tan tẹlifíṣọ̀n. Ọmọbìnrin náà tọrọ àforíjì. Màmá ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n gbígbọ́ kì í ṣe gbígbà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí wọ́n ń ká aṣọ, Màmá ṣàdéédéé ní, "Kò sí ẹni tó mọ aṣọ ìbora ká mọ́ nínú ilé yìí." Ọmọbìnrin náà ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ọkùnrin náà dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ káàsán, Màmá. Mo wá bẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rù bà mí pé ẹ máa lé mi, ni mo ṣe purọ́ fún yín. Mi ò ṣe dáadáa."

"Ó tiẹ̀ mọ̀," ni Màmá wí. "Kí lo fẹ́ sọ lọ́jọ́ ìdájọ́ tí o fi fò dìde? Mo gbọ́ bí bẹ́ǹṣì ṣe ké."

Ohùn arúgbó kan ló jáde lẹ́nu ọkùnrin náà, ohùn tó fẹ́lẹ́ bí aṣọ tó ti gbó: "Máa lọ, mo rí ọ."

Aṣọ bọ́ lọ́wọ́ Màmá. Ọmọbìnrin náà alára yanu, kò mọ̀ rí.

"Àgbà tó yẹ kó ṣe é ni ara rẹ̀ kò yá lọ́jọ́ náà," ni ọkùnrin náà wí. "Wọ́n ní kí n bá wọn dí àlàfo. Iṣẹ́ ọ̀sán kan ni, mo ti gbàgbé rẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ ìdájọ́."

Màmá nu ojú, lẹ́yìn náà ni ó fajú ro. "Èyí tó dára jù àti èyí tó burú jù, ọ̀fun kan náà. Èwo nínú wọn ló ń fẹ́ ọmọ mi? Nígbà tí inú bá bí ọ, èwo ló máa wọlé?"

"Kò sí nínú wọn, Màmá. Àwọn tó kọ eré ló ni ọ̀rọ̀ méjèèjì."

"Tìrẹ wá ńkọ́?"

Màmá ní kí ọmọ òun tan tẹlifíṣọ̀n, kí ó pa ohùn rẹ̀, kí ọkùnrin náà jókòó, kó sì sọ ohun tó ń rí fún òun. Bí Ọlọ́run ṣe fẹ́ ẹ, ìparí *Kọ́kọ́rọ́ Yàrá Òkè* ni wọ́n ń tún gbé jáde.

Ẹni tó ń fi ohùn wá oúnjẹ òòjọ́ wá ń kólòlò. "Ọkùnrin... obìnrin kan wà níbẹ̀. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó wọ aṣọ pupa."

"Ibo lo ti rí pupa?" ni ọmọbìnrin náà wí. "Àwọ̀ ọsàn ni."

"Pupa ni."

"Ta ni alágbàfọ̀ láàárín èmi àti ìwọ? Bí o bá da ìyẹn pọ̀ mọ́ aṣọ pupa nínú omi, wàá sunkún."

"Ó dáa, pupa tó ń ṣe ojú ayé ni."

"Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́."

"Ó dáa, Ajóṣẹ́ẹ̀tì mi. Àwọ̀ ọsàn ni. Màmá, ẹ má dá mi lóhùn, àwọ̀ ọsàn ni, mo ṣìnà." Ó ń rẹ́rìn-ín, ohùn rẹ̀ sì ń ya díẹ̀ nínú ẹ̀rín náà, ohùn tí kò gbóná bíi ti ọkọ búburú, tí kò sì dùn tó ti bàbá onífìtílà.

Màmá tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti pẹ́ tí ó ti mọ̀ pé ohùn tí èèyàn bá fi jiyàn tí kò borí gan-an ni ohùn rẹ̀.

"Èyí, mi ò tíì gbọ́ ọ rí lórí tẹlifíṣọ̀n," ni ó wí. "Máa bá a lọ. Ọkọ yẹn ńkọ́, ó kú?"

"Rárá, Màmá. Wọ́n ti mú un. Ìyàwó rẹ̀ ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn."

"Ó tọ́ sí i. Kí ló kù?"

Ọkùnrin náà kò wo tẹlifíṣọ̀n mọ́. "Ọkùnrin kan jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan. Àyà rẹ̀ ń já. Ó ń béèrè bóyá obìnrin náà á gbà kí òun fẹ́ ẹ."

"Nínú eré náà ni?"

"Rárá, Màmá. Níbí ni."

Màmá ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sí méjì, ó fi sórí itan. "Kí ni obìnrin náà wí?"

"Kò tíì sọ̀rọ̀. Ó ń mi orí."

"Mímì wo? Ti bẹ́ẹ̀ ni tàbí ti rárá? Ẹ má fi èmi nìkan sínú òkùnkùn o."

Ọmọbìnrin náà na ọwọ́, ó kan tábìlì lẹ́ẹ̀kan.