Akínwọlé, Ta Ló Ń Jẹ Ẹsẹ̀ Ọkọ̀ Rẹ?

Ìwọ tí wọ́n fi ìwé yìí lé lọ́wọ́ ní gáréèjì, má tíì fi nu ọwọ́. Kà á tán ná.

Akínwọlé ní bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan tó ń mu dísẹ́ẹ̀lì, tó fi ń kó èrò àti kòkó láti Ajue wá sí Ọ̀rẹ̀. Ọkọ̀ náà ti rìn ju ohun tí wọ́n ṣe é fún lọ. Bó bá pààrọ̀ rọ́bà kékeré tó wà láàárín irin ẹsẹ̀ iwájú lónìí, kí oṣù tó parí, ó ti jẹ tán, ọkọ̀ á tún máa dún kò-kò-kò.

Ọlọ́gbọ́n ì bá bi mẹkáníìkì. Onígbéraga ni Akínwọlé. Ọ̀dọ̀ adáhunṣe kan lẹ́yìn ìlú Agbabu ló gbà lọ, ìyẹn sì ní ìyá Akínwọlé ló ń jẹ ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà. Ó ní kó máa da epo pupa tí wọ́n sà lóògùn sí i láràárọ̀ Sátidé, kí ọwọ́ ayé lè rọ̀. Òmùgọ̀ gbà á gbọ́! Ó lé ìyá tó bí i jáde, ó sì pè é ní àjẹ́ ní gáréèjì, lójú gbogbo awakọ̀. Ìyá gba yàrá kan lẹ́bàá ilé àdúrà ní Odigbo. Ọdún mẹ́rin ni ọmọ rẹ̀ kò fi kí i.

Jésùtọ́pẹ́, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ mẹkáníìkì, kìlọ̀ fún un. "Epo yẹn ló ń ba rọ́bà jẹ́. Jáwọ́ nínú oògùn, kó o wá sọ́dọ̀ Jésù. Lọ bẹ ìyá ẹ."

"Pa ẹnu ẹ mọ́!" ni Akínwọlé wí. "Nọ́ọ̀tì ni mo ní kó o dè, n ò ní kó o wàásù. Ìwọ àti àjẹ́ yẹn, ọ̀kan náà ni yín."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí wọ́n ti ń bọ̀ láti Ajue, ẹsẹ̀ iwájú já. Bọ́ọ̀sì ya wọ oko kòkó, ó sì dojú dé. Èèyàn mẹ́tàlá ló wà nínú rẹ̀. Apá Hannah, obìnrin tó jókòó níwájú, kán. Àánú Ọlọ́run ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú.

Nígbà tí Jésùtọ́pẹ́ dé, ó yọ rọ́bà náà. Ó ti rọ̀ bíi fùfú, epo ń kán lára rẹ̀. "Wò ó," ló wí. "Ṣé ìyá ẹ ló da epo yìí sí i?"

Akínwọlé fọwọ́ kan rọ́bà náà, epo pupa sì lẹ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ẹ̀rù bà á, ojú sì tì í. Ó rí i pé ọwọ́ òun gan-an ni ọwọ́ ọ̀tá tí òun ń wá kiri. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀: "Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Gbà mí."

Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ní Odigbo. Ìyá kò tètè gbé e dìde.

"Ọdún mẹ́rin, Akínwọlé! Àwọn ọmọdé ń sá fún mi nítorí ẹnu ẹ. Mo dárí jì ọ́, torí Jésù dárí ji èmi náà. Ṣùgbọ́n gáréèjì lo ti pè mí ní àjẹ́. Gáréèjì náà ni wàá ti jẹ́wọ́."

"Mo gbọ́, Ìyá mi. Ẹ ṣeun."

Lọ́jọ́ kejì, ó dúró láàárín àwọn awakọ̀. "Irọ́ ni mo pa mọ́ ìyá mi. Èmi ni mo ba ọkọ̀ mi jẹ́." Àwọn kan fi í rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ tán.

Ìwọ ńkọ́? Ta ni ò ń pè ní ọ̀tá, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ló ń pa ọ́ run? Má sọ pé ó di ọ̀la. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, jẹ́wọ́ fún Jésù tó kú nítorí rẹ. Tó o bá dìde, lọ bá ẹni tí o fi ẹnu rẹ bà jẹ́, lónìí, kí ikú tó mú ọ̀kan nínú yín.