Ìhámọ́ra Wúrà Jomar

Ìgbátí tí Rodel fọ́ Dindo àbúrò rẹ̀ dún tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo ajá ìlú Cebu fi gbó. Dindo ṣubú lu kọ̀ǹpútà mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù géèmù wọn, ẹ̀jẹ̀ bo ẹnu rẹ̀.

"Olè! Ìwọ lo ń fi káàdì oníkáàdì tajà! Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gbowó ti ti àkáǹtì wa pa!"

"Bọ̀ọ̀dá mi, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, mi ò mọ nǹkan kan!"

Jomar, oníbàárà wọn, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, lẹ̀ mọ́ àga rẹ̀ bí ìgbín. Òun ló mọ̀. Ó ti fi káàdì ìyá rẹ̀ ra ìhámọ́ra wúrà lọ́wọ́ Rodel fún jagunjagun rẹ̀ nínú géèmù. Bó ṣe gbà á tán, ó kọ̀wé sí báǹkì lórúkọ ìyá rẹ̀ pé, "Èmi kọ́ ni mo rà á." Báǹkì já owó náà gbà padà lọ́wọ́ Rodel. Jomar jẹ ẹran, ó tún gba owó ẹran. Ó fọ́nnu fún kíláàsì rẹ̀, ni gbogbo wọn bá ṣe bẹ́ẹ̀. Báwo ni ilé-iṣẹ́ agbowó kò ṣe ní ka Rodel sí gbájúẹ̀?

Rodel fa àga onírin yọ. "Ọwọ́ tó jalè yẹn ni n ó fọ́!"

Bí Jomar bá sọ̀rọ̀, àga yẹn di tirẹ̀. Ó forí pamọ́ sẹ́yìn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Àga balẹ̀, gbàù! Ìka Dindo kán bí igi gbígbẹ, igbe rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí páànù òrùlé lọ sínú òkun.

Rodel tún gbé àga sókè.

"Èmi ni!" Jomar bẹ́ sáàárín wọn. "Ẹ̀gbọ́n Rodel, ẹ wo kọ̀ǹpútà mi! Ìhámọ́ra tí báǹkì gbowó ẹ̀ lọ́wọ́ yín rèé!"

Àga ti ń bọ̀, kò ṣeé dá dúró. Èjìká Jomar ló gbà á. Rodel wo jagunjagun tó ń dán yànràn lójú kọ̀ǹpútà, ó wólẹ̀ síwájú àbúrò rẹ̀.

"Dindo, pa mí!"

Dindo tutọ́ ẹ̀jẹ̀. "Ìka wo ni kí n fi pa yín?"

Jomar àti kíláàsì rẹ̀ jẹ́wọ́ fún báǹkì, owó padà, ṣọ́ọ̀bù ṣí. Ṣùgbọ́n ìka Dindo, tó máa ń sáré ju mànàmáná lọ, kò lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù rẹ̀ mọ́. Jomar ló ń bá a de é láràárọ̀ kó tó lọ sílé ìwé.

Ẹni tó gba ọjà, tó tún purọ́ gbowó rẹ̀ padà, olè ni; ara ẹlòmíì ni gbèsè rẹ̀ sì máa ń bọ́ sí. Òtítọ́ tí Jomar sọ yẹn dára, àmọ́ ó dé lẹ́yìn àga àkọ́kọ́.