Òkìtì Èédú Tí Wọ́n Ń Sáṣọ Lé

Nígbà òjò, tí aṣọ gbogbo ilé ń rùn, aṣọ ọwọ́ obìnrin alágbàfọ̀ kan kì í rùn. Ẹ̀yìnkùlé ló ń sá wọn sí, lórí òkìtì èédú tí àwọn awakùsà kó dànù. Òkìtì náà máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kéèyàn tó jẹun tán, ṣòkòtò ti gbẹ.

"Ààrò ọ̀fẹ́ rèé," ni aládùúgbò rẹ̀ máa ń wí.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin tó ń rí sí ààbò ní kùsà wá kanlẹ̀kùn.

"Ẹ kúulé o, ẹ̀gbọ́n mi. Ǹjẹ́ òkìtì yìí ń gbóná níbì kankan? Àbí ó ń rùn bí epo?"

Alágbàfọ̀ wo aládùúgbò rẹ̀. Aládùúgbò wolẹ̀.

"Rárá o! Ó tutù bí omi àmù," ni alágbàfọ̀ dáhùn.

Bí obìnrin náà ṣe yí ẹ̀yìn padà, ẹ̀rín pa wọ́n.

Kò pẹ́ kò jìnnà, èéfín bẹ̀rẹ̀ sí í rú níbẹ̀. Ọkọ alágbàfọ̀, tó ń wa katakata ní kùsà, gbé garawa omi.

"Baálé mi, ẹ jẹ́ ká pe àwọn aláàbò."

"Kí wọ́n wá kó òkìtì náà lọ, kó o máa wá ibi tí wàá sáṣọ sí kiri? Èmi tí mò ń kó èédú bí òkè, ṣé èéfín yìí ló máa lé mi? Gbé omi sí i wá."

Ó gun òkìtì. Ó da omi. Ooru ta sí i lójú, ilẹ̀ sì wó lábẹ́ rẹ̀. Iná ti jẹ inú òkìtì náà di ihò. Ó rì dé orúnkún sínú ẹ̀yinná.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni wọ́n gé.

Obìnrin aláàbò padà wá. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó wu alágbàfọ̀ kó tiẹ̀ bú òun.

"Ẹ̀gbọ́n mi, èédú tí afẹ́fẹ́ bá ń wọ̀ máa ń gbóná fúnra rẹ̀, láìsí ìṣáná. Ká ní a tètè gbọ́ ni, à bá tú u ká kó tutù, à bá tẹ̀ ẹ́ pinpin, à bá fi amọ̀ bò ó kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Katakata ló ń ṣe é."

"Ta ni ì bá wa katakata náà?"

Obìnrin náà dá a lóhùn: "Ọkọ yín ni."

Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé nítòsí kùsà, bí òkìtì èédú bá ń gbóná, tó ń rú èéfín, tàbí tó ń rùn bí epo, ẹ má gùn ún, ẹ má da omi sí i, ẹ má sì sáṣọ lé e. Ẹ kó ọmọ jìnnà sí i. Ẹ sọ fún àwọn aláàbò lọ́jọ́ náà gan-an, bí wọ́n bá sì béèrè, ẹ má purọ́.

Aṣọ tútù á gbẹ bópẹ́bóyá. Ẹsẹ̀ tí wọ́n gé kì í hù.