Alhaja Asimawu Fura sí Mukhtar

Tẹlifíṣọ̀n ṣàdédé dákẹ́ níbi tí wọ́n ti fẹ́ dárúkọ apànìyàn. Alhaja Asimawu figbe ta. Eré òyìnbó àtijọ́ kan ló ń wò, ìyá arúgbó kan ló máa ń tú àṣírí ikú nínú rẹ̀. Alhaja kì í fi í ṣeré rárá. Zulaikha, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń lọ sí yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè, bá a pe ẹni tó ń tún díìṣì ṣe.

Mukhtar ló dé, ọmọ Efire létí omi, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ látorí òrùlé, Zulaikha gbé omi fún un.

“Ẹ ṣé, àǹtí.”

“Èmi wo ni àǹtí? Zulaikha ni mò ń jẹ́.”

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Kò pẹ́ tó fi ń pè é ní Zulai mi.

Ṣùgbọ́n Alhaja gbọ́ fìn-ín-fìn-ín pé Mukhtar ti níyàwó rí. Ọkọ̀ ojú omi dojú dé. Ìyàwó kú, ọkọ yè.

“Àwọn ọlọ́hùn jẹ́jẹ́ yìí gan-an ló máa ń pànìyàn.”

“Màmá, inú eré nìyẹn!”

“Ṣé ó sọ fún ẹ pé òun ti níyàwó rí?”

Zulaikha mirí. Mukhtar ò sọ ọ́ fún un rí.

Zulaikha lọ bi Mukhtar fúnra rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. “Kí ló gbé ìyàwó rẹ jáde sójú omi lọ́jọ́ náà?”

“Mi ò lè sọ ọ́, Zulai.”

Zulaikha sunkún délé. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà á.

Alhaja wọ ìborùn, ó mú Zulaikha, wọ́n forí lé Makun-Omi lọ bá Abibat, ìyá ìyàwó Mukhtar tó kú. Ó ń yan ẹja.

“Ẹ má bínú,” Alhaja ní. “Ṣé ọkọ ọmọ yín ló pa á?”

Abibat ju abẹ̀bẹ̀ sílẹ̀. “Mukhtar? Ó ní kí àwọn dúró kí ìjì rọlẹ̀. Èmi ni mo ní kí wọ́n máa lọ, torí ẹja mi tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà fẹ́ bàjẹ́. Ó wá Fáìzàh ọmọ mi nínú omi títí àwọn apẹja fi fipá wọ́ Mukhtar jáde. Ó búra fún mi pé ẹnikẹ́ni ò ní gbọ́ ọ lẹ́nu òun pé èmi ni mo rán wọn.”

Alhaja jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà sí Àgọ́-Ìwòyè, Zulaikha lọ dúró níwájú Mukhtar ní ṣọ́ọ̀bù. “A ti dé Makun-Omi.”

Ó gbójú sókè. “Ṣé o rò pé mo pa á?”

“Ó wá sí mi lọ́kàn. Mi ò ní purọ́ fún ẹ. Jọ̀ọ́, foríjì mí.”

Mukhtar fa àga fún un. “Jókòó. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ Fáìzàh fún ẹ.”

Lọ́jọ́ nìkáì tí wọ́n so Zulaikha àti Mukhtar pọ̀, àfáà ní kí ìyá ọkọ bọ́ síwájú wá ṣàdúrà. Gbogbo èèyàn ń wò yíká, nítorí ìyá Mukhtar ti kú láti kékeré rẹ̀.

Abibat ló dìde.