Ẹni Tó Ń Kàn Án Láti Ìta

Ẹ má rò pé mo fẹ́ dẹ́rù bà yín, ẹ̀yin ọmọ ọmọ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Ọwọ́ obìnrin tó fara kan irin inú ìtàn yìí, mo ti bọ̀ ọ́ rí, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ọwọ́ yín.

Aránṣọ ni obìnrin náà, ó wá mú bàbá rẹ̀ lọ sílé òun àti ọkọ rẹ̀. Ilé tí bàbá ń gbé wà létí ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi láyé àtijọ́. Ọgbà yẹn ti kú. Ilé náà ni wọ́n máa wó lọ́jọ́ kejì, bí bàbá kò bá sì jáde lónìí, katakata á bá a nínú rẹ̀. Ọkọ aránṣọ ti wà nínú mọ́tò lójú títì, ẹrù ti wà lẹ́yìn, bàbá nìkan ló kù.

Àtìlẹ́yìn ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá yìí. Nígbà èwe rẹ̀, ìṣó gbígbóná ni wọ́n fi ń so irin ọkọ̀ pọ̀. Ẹnìkan á wà níta, á máa fi òòlù lù ú. Ẹnìkejì á wà nínú ikùn ọkọ̀, á gbé irin wúwo ti orí ìṣó náà kó má baà fò yọ. Ti inú yẹn ni iṣẹ́ bàbá. Àwọn méjèèjì kì í rí ojú ara wọn lẹ́nu iṣẹ́. Tí ìṣó bá ti jókòó, ẹni tó wà níta á kan irin lẹ́ẹ̀mejì, ìgbà náà ni ẹni inú tó lè yọwọ́. Nígbà tó yá, àwọn wẹ́dà dé, kò sẹ́ni tó nílò ìṣó mọ́. Ṣùgbọ́n ariwo òòlù ti ba etí àwọn tó ń kan ìṣó jẹ́. Ní àdúgbò yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ ìdákọ́ńkọ́: ohun tí ìyàwó bá fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ sọ, gbogbo ojúlé ló ń gbọ́. Ìyàwó bàbá ní tirẹ̀, ọwọ́ ló fi ń bú u. Bàbá á kàn dijú, ìjà parí.

Aránṣọ bá a nínú ilé ìdáná. Bàbá fi èjìká ti irin kan tí ó fi dí ihò ògiri láti ọjọ́ pípẹ́, abala ọkọ̀ tí wọ́n tú kẹ́yìn ní ọgbà náà. Irùngbọ̀n ti kún un. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Ó jọ pé kò tíì sùn láti àná.

Aránṣọ fi ọwọ́ bá a sọ̀rọ̀, bí ìyá rẹ̀ ti kọ́ ọ: mọ́tò ti dé.

"Mi ò tíì ṣe tán," bàbá pariwo, bí àwọn adití ti í ṣe. "Ó ṣì ń kàn án."

Ta ni? Ọmọ fi ọwọ́ béèrè.

Bàbá mú àtẹ́lẹwọ́ ọmọ, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ irin.

Irin náà ń mì. Kì í ṣe bí ohun tí atẹ́gùn ń mì. Òòlù ni. Ẹyọ kan. Ẹyọ kan. Ẹyọ kan. Orí ìṣó kan gbóná níbẹ̀, ó sì ń ti ọwọ́ rẹ̀ padà. Aránṣọ gbé etí lé e. Etí tirẹ̀ mú ṣáṣá. Ó gbọ́ omi tó ń kán sínú abọ́. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Kò gbọ́ òòlù. Irin dákẹ́ rọ́rọ́ sí etí, ó ń lu ọwọ́.

Ó yọjú lójú fèrèsé. Ẹ̀yìn ògiri, kòtò ńlá tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ni, ó jìn bí kànga. Kò sí ibi tí ẹsẹ̀ ènìyàn lè dúró sí. Oòrùn ń wọ̀. Ẹyẹ kan kò dún.

Ó tún béèrè pé ta ni. Bàbá ní ẹnìkejì òun lẹ́nu iṣẹ́ ni, ẹni tó máa ń wà níta. Aránṣọ rán an létí pé wọ́n ti sin ọkùnrin yẹn, pé òun kéré nígbà náà, ìyá òun ló fa òun lọ́wọ́ dé ibojì.

"Èmi ni mo gbé ẹsẹ̀ pósí rẹ̀," bàbá wí. "Mo mọ̀ pé ó kú. Ọwọ́ rẹ̀ nìyí, mi ò lè ṣì í mọ̀."

Aránṣọ dá ọgbọ́n kan. Ó rọra na ọwọ́ gba ẹ̀yìn bàbá, ó kan irin lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá bú sẹ́rìn-ín, eyín méjì tó kù sì hàn. Ó ní inú ilé níbí nìyẹn ti wá, kì í ṣe ìta, ṣé òun jọ ọmọdé lójú rẹ̀ ni.

Aránṣọ wá bẹ̀ ẹ́. Ó ní yàrá ti wà, ibùsùn ti wà, pé òun ti fi í sílẹ̀ ní òun nìkan pẹ́ jù, oorun kì í kun òun mọ́. Ó ní kó yọwọ́.

Bàbá wò ó tìfẹ́tìfẹ́.

"Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti lọ," ó ní, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, "ta ló kan nǹkan kan tí mo gbọ́?"

Aránṣọ sún mọ́ irin náà. Ó bọ́ bàtà. Ó ní kó jẹ́ kí òun gba irin náà dúró fún un, kó lọ sinmi ẹsẹ̀ nínú mọ́tò. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀, kò sọ ọ́: bí bàbá bá ti jáde, òun á yọwọ́, ó tán.

Bàbá to ẹsẹ̀ rẹ̀ fún un, ó gbé èjìká rẹ̀ síbi tó yẹ. "Má tì í ṣáájú. Bó bá tì ọ́, gbà á." Ó yọ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ọmọ tó sùn fún ìyá rẹ̀. Ó jáde. Aránṣọ gbọ́ ìró ìlẹ̀kùn mọ́tò.

Ó fẹ́ yọwọ́.

Òòlù dúró.

Nǹkan kan fara tì í láti òdìkejì, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wò ó pé èjìká ta nìyí. Ooru rẹ̀ gba aṣọ kọjá sí i lára. Ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án, ṣùgbọ́n ó ti dín agbára kù. Ó ń rọra lù ú, bí ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ tuntun ló wà nínú.

Ọkọ rẹ̀ fọn fèrè mọ́tò. Ó tún fọn ọ́n. Nígbà tó yá, ó wá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní bàbá ti sùn lọ fọnfọn, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀ bíi ti ọmọ ọwọ́, kí ló tún kù?

"Ẹ máa gbé Bàbá lọ," aránṣọ dá a lóhùn. "Mò ń bọ̀."

Ilẹ̀ ń ṣú. Ó yí èjìká rẹ̀ díẹ̀, kó lè gbà á dáadáa.